Ẹsẹ̀ Tó Ń Dàgbà Lẹ́yìn Ìgbéyàwó

Ẹ máa rìn jìnnà kí ẹ tó rí ọkùnrin tó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ tó aránbàtà tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín yìí.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ. Abẹ́ fèrèsé ni tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ wà, gọ́ọ̀mù sì ti dà sí i lára títí tó fi ń dán bíi gíláàsì. Ara ògiri ló to àwọn ẹsẹ̀ igi sí, ìyẹn igi tí wọ́n gbẹ́ bí ẹsẹ̀ ènìyàn, tí àwọn aránbàtà máa ń na awọ lé lórí kí bàtà tó lè dúró. Ti àwọn oníbàárà wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n pẹpẹ òkè pátápátá, ti ẹnì kan ṣoṣo ni. Ti ìyàwó rẹ̀ ni.

Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ ìgbéyàwó wọn bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọkùnrin yìí á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ra rẹ̀, á rán bàtà tuntun fún ìyàwó rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra ló rán àkọ́kọ́ fún un, bàtà pupa kan báyìí. Ó gbé ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà lé orúnkún, ó na téèpù sí i, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ṣé gbogbo oníbàárà lo máa ń gbọ̀n fún báyìí?"

Ọ̀gá Bàtà, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pe aránbàtà yìí, tún ẹsẹ̀ náà wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti wo obìnrin mìíràn mọ́.

Ẹsẹ̀ igi tó gbẹ́ nígbà náà ló ń lò láti ọdún dé ọdún. Kí ló tún fẹ́ wọ̀n? Ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gùn sí i lẹ́yìn tó ti di ìyàwó ilé?

Àfi ọdún kan tí obìnrin náà ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tuntun, tí ojú rẹ̀ sì kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Kíá ló ti rẹ́rìn-ín bò ó. "Ó dára gan-an, olólùfẹ́ mi." Ó wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó máa fi dé, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ rí i.

Ẹ̀yin ará, ohun tó yẹ kí ọkùnrin yìí ṣe ni kó béèrè. Ohun tí ìfẹ́ sọ fún un ni pé kó dákẹ́. Ó gé awọ pẹlẹbẹ kan, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ igi náà kó lè fẹ̀ díẹ̀. Lọ́dún kejì, ó tún lẹ òmíràn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú. Nígbà tí ẹsẹ̀ igi náà kò gba awọ mọ́, ó gbẹ́ tuntun, ó gbé ti àtijọ́ sórí pẹpẹ òkè, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ awọ mọ́ tuntun. Ó rò pé ara ìyàwó òun ń gbilẹ̀ ni. Obìnrin wo ló sì fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ọkọ rẹ̀ pé ẹsẹ̀ òun ti di ràgàjì?

Òrùka ìgbéyàwó náà kò gbẹ́yìn. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ fi ọṣẹ yọ ọ́ nítorí pé ó ń fún un, Ọ̀gá Bàtà gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ góòlù, wọ́n bá a fẹ̀ ẹ́ lójú. Ó gbé e padà wálé, ó fi sí i lọ́wọ́, ó ní, "Mo kàn ní kí wọ́n bá mi dán an ni." Obìnrin náà gbé ọwọ́ sókè, ó ń wò ó nínú oòrùn, inú rẹ̀ dùn.

Onídìrí ni obìnrin yìí ní tirẹ̀. Ọwọ́-Fúyẹ́ ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é, nítorí pé bó bá ń di irun fún ènìyàn, onítọ̀hún lè sùn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ìka rẹ̀ ki, ó dà bíi pé wọ́n fi ìka ẹlòmíràn pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà míràn ìka náà á kú, kò ní mọ̀ bóyá irun ló dì mú tàbí afẹ́fẹ́.

"Àǹtí, ẹ rọra o!" ni oníbàárà kan kígbe lọ́jọ́ kan. "Orí mi kì í ṣe àpò sìmẹ́ńtì!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọwọ́-Fúyẹ́ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, ó wo ọwọ́ rẹ̀, omi lé ròrò sí i lójú.

Orí ń fọ́ ọ. Ó ra oògùn orí fífọ́ títí ó sú u. Ó ń làágùn bí ẹni tó ń gun òkè, kódà nígbà tí òtútù bá mú àwọn yòókù. Ó lọ síbi kan, wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó lọ síbòmíràn, wọ́n fún un ní ìpara oríkèé. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, ó sì gbà pé ọjọ́ orí ni. Bó bá ń hanrun, ọkọ rẹ̀ á fi ṣe ẹ̀fẹ̀ láàárọ̀.

"Mo ti fẹ́ jáde lọ pa ẹ̀rọ amúnáwá, kí n tó rántí pé a ò ní."

"Ìwọ tí o máa ń bá bàtà sọ̀rọ̀ lójú oorun ńkọ́?"

Eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì tó ti wà pa pọ̀ láti kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í ya ara wọn. Ọ̀gá Bàtà wò ó, ó pàtẹ́wọ́. "Èjí! Àwọn ẹlòmíràn máa ń wá a kí wọ́n tó gbéyàwó. Èmi, lẹ́yìn ìgbéyàwó ni wọ́n fi jíǹkí mi."

Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, tó ń gbé ní ilé ẹ̀kọ́, pe fóònù lọ́jọ́ kan. Ìyá rẹ̀ ló gbé e.

"Ẹ káàárọ̀, Dádì. Ẹ gbé fóònù fún Mọ́mì."

Ọwọ́-Fúyẹ́ gbé fóònù náà kúrò létí, ó wò ó. Kò mọ ìgbà tí ohùn òun ti ki tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wá kan ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Bàtà obìnrin, ẹni tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Àgbà. Ọ̀sán gangan ló wọ ṣọ́ọ̀bù wá, kò jókòó.

"Àbúrò mi, ìyàwó rẹ ti ń fojú di mí."

"Àǹtí, kí ló tún ṣẹlẹ̀?"

"Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo kí i, mo juwọ́ sí i. Kò ju láti ibi tí o wà yìí dé ẹnu ọ̀nà lọ. Ó kọjá lára mi bí ẹni kọjá lára òpó iná!"

"Bóyá kò rí yín ni."

"Kò rí mi? Èmi tí mo tóbi tó yìí?" Àǹtí Àgbà yí ara rẹ̀ po kí àbúrò rẹ̀ lè rí bó ṣe tóbi tó. "Owó rẹ ló ń jẹ tó fi ń sanra. Ó ti sanra bo ojú."

Ọ̀gá Bàtà rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ tán, ó rántí pé ìyàwó òun ti ń fi èjìká gbá ilẹ̀kùn lójoojúmọ́, àti pé ife tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, yóò gbá a dànù ni. Ohun tó ṣe? Ó gbé tábìlì ilé wọn sún mọ́ ògiri, kí ìyàwó rẹ̀ má bàa máa kọlù ú.

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ohunkóhun tí àìsàn náà bá ti fẹ́, ìfẹ́ á wá àyè fún un.

Ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ yí padà, obìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ojú wá gba bàtà iṣẹ́ rẹ̀. Bí Ọ̀gá Bàtà ṣe ń wá bàtà náà, obìnrin náà gbójú sókè sí pẹpẹ.

"Ọ̀gá, ìdílé wo ló ni gbogbo ẹsẹ̀ òkè yẹn? Ọmọ, ìyá àti ìyá àgbà ni?"

"Ẹnì kan ló ni wọ́n. Ìyàwó mi ni."

"Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé?"

"Rárá o! Láti ìgbà tí mo ti ń fẹ́ ẹ ni." Ó gbé èyí tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù sọ̀ kalẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn láti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn. "Ẹ wò ó bí mo ṣe lẹ awọ mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, kó má dé etí rẹ̀ o. Kò mọ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú nọ́ọ̀sì. Ó gbé ẹsẹ̀ igi méjèèjì wò, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì.

"Ọ̀gá, ẹsẹ̀ àgbàlagbà kì í dàgbà báyìí. Ṣé orí máa ń fọ́ ìyàwó yín? Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ojú rẹ̀ ṣì jọ ti fọ́tò ìgbéyàwó yín?"

Kí ọkùnrin náà tó dáhùn, nǹkan kan dún gbàà lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́-Fúyẹ́ ló gbé oúnjẹ ọkọ rẹ̀ wá, èjìká rẹ̀ sì ti gbá férémù ilẹ̀kùn. Ó ń fi ọwọ́ ra èjìká, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rí ohun tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

"Ẹsẹ̀ ta nìyẹn?"

Ó gba èyí tó tóbi, ó fi ìka tẹ awọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀kan lórí ìkejì. Aya aránbàtà ni. Ó mọ ohun tó ń wò.

"Ọ̀gá Bàtà, kí ni ẹ̀yin ń pe èyí?"

Ìgbà tí inú bá ń bí i nìkan ni obìnrin yìí máa ń fi "ẹ̀yin" bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà gba ẹsẹ̀ igi náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mi ò fẹ́ kí bàtà máa fún ọ ni."

Nọ́ọ̀sì náà fa Ọwọ́-Fúyẹ́ lọ́wọ́ jókòó kí ọ̀rọ̀ tó di ìjà. Ó jókòó dojú kọ ọ́. "Àǹtí, ẹ wo imú mi, ẹ má wo ibòmíràn. Bí ẹ bá ti rí ìka mi tó ń mì, ẹ sọ̀rọ̀." Ó na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, ó ń mi ìka.

Ọ̀gá Bàtà tó dúró lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀ ń rí ìka náà kedere. Ó ń retí kí ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ dákẹ́. Nọ́ọ̀sì ń mú ìka náà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń mú un bọ̀, títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Mo ti rí i," ni Ọwọ́-Fúyẹ́ wí, ohùn rẹ̀ balẹ̀. "Ṣé mo yege?"

Ọkọ rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká láti ẹ̀yìn.

Nọ́ọ̀sì náà kò parọ́ fún un. "Àǹtí mi, èmi kì í ṣe dókítà, ojú lásán kò sì tó láti sọ pé báyìí ló rí. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ọpọlọ, ní ẹ̀yìn imú níhìn-ín, ohun kékeré kan wà tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Òun ló ń pàṣẹ fún ara pé kó dàgbà. Kò wọ́pọ̀ o, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí kókó yọ lára rẹ̀. Kókó yẹn á wá máa pariwo 'dàgbà, dàgbà' sí ara tó ti dàgbà tán. Ènìyàn ò lè ga mọ́, nítorí náà ọwọ́, ẹsẹ̀, imú àti àgbọ̀n ni yóò máa tóbi. Eyín á máa ya. Ohùn á máa ki. Bí kókó náà bá sì tóbi, á máa tẹ iṣan tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sí ọpọlọ. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ ṣú."

"Èjí mi náà wà nínú rẹ̀?"

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ọwọ́-Fúyẹ́ bojú wẹ̀yìn wo ọkọ rẹ̀. "O gbọ́? Èjí tí o fi ń yangàn."

"Bí a ò bá tọ́jú rẹ̀ ńkọ́?" ni ọkùnrin náà béèrè.

"Ojú lè lọ pátápátá. Ọkàn náà máa ń tóbi bí ọwọ́ ṣe ń tóbi, ibẹ̀ ni ẹ̀mí wà. Ṣùgbọ́n ó ní ìtọ́jú. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ sí i. Màá kọ ibi tí ẹ máa lọ fún yín."

Nírọ̀lẹ́, Àǹtí Àgbà ti gbọ́. Ó gbé ìgò kan wọlé, omi inú rẹ̀ pupa bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

"Gbogboǹṣe nìyí. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń fi gbohùngbohùn polówó ni mo ti rà á. Ó ń fa ọ̀rá, ó ń la ojú, ó ń lé orí fífọ́, ó ń yọ́ kókó níbikíbi tó bá wà."

"Àǹtí, ṣé ó ń pa aáyán náà?" ni Ọwọ́-Fúyẹ́ béèrè.

"Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Bí o bá débẹ̀, wọ́n máa la orí rẹ, ò ń ṣàwàdà. Ta ni o mọ̀ tí wọ́n la orí rẹ̀ tó padà wálé?"

"Mi ò tíì mọ ẹnì kankan. Bóyá èmi ni ẹ máa kọ́kọ́ mọ̀." Ó dìde, ó fi ọ̀wọ̀ gbé ìgò náà lé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ ṣeun, Àǹtí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló gbé yín rìn. Ṣùgbọ́n oògùn tó ń wo gbogbo nǹkan, kò mọ èmi. Mo fẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣe mí. Ọ̀la ni mò ń lọ."

Ọ̀gá Bàtà kó gbogbo ẹsẹ̀ igi náà sínú àpò, ó gbé e kọ́ èjìká, ó tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀.

Dókítà tó ń rí sí irú àìsàn bẹ́ẹ̀, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, wo fọ́tò ìgbéyàwó wọn, ó wo ojú Ọwọ́-Fúyẹ́, ó tún wo fọ́tò. Ọ̀gá Bàtà wá to àwọn ẹsẹ̀ igi sórí tábìlì níwájú rẹ̀, láti èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù.

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn ènìyàn máa ń gbé fọ́tò wá fún mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ wá." Ẹ̀rín náà lọ. "Ẹ ṣeun tí ẹ kó wọn pamọ́. Àìsàn yìí máa ń rọra wọlé débi pé àwọn tó ń bá ènìyàn gbé kì í rí i. Oníṣègùn kan á tọ́jú orí fífọ́, òmíràn á tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru, òmíràn á tọ́jú oríkèé. Kò ní sí ẹni tó máa kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀yin ti kó o pọ̀ sórí pẹpẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ọ̀gá Bàtà lára. Kò mọ̀ bóyá ìyìn ni tàbí ẹgba.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Ọwọ́-Fúyẹ́. Wọ́n ní kó wá láìjẹun, wọ́n fún un ní omi ṣúgà mu, wọ́n sì tún ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ léraléra. Dókítà ní bí ènìyàn bá mu ṣúgà, ó yẹ kí àṣẹ ìdàgbà yẹn lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Tirẹ̀ kò lọ sílẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan ẹ̀rọ ńlá oníhò tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú orí. Irin kankan kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, nítorí náà wọ́n ní kó bọ́ òrùka. Pẹ̀lú ọṣẹ, ó yọ. Ọwọ́-Fúyẹ́ gbé e sójú, ó rí ibi tí alágbẹ̀dẹ ti jó góòlù mìíràn mọ́ ọn.

"Òrùka náà?"

"Òrùka náà," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn, ó ń wo ilẹ̀.

"Ọ̀gá Bàtà! Bí orí mi bá tún tóbi, ṣé o máa fẹ ilẹ̀kùn lójú ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ sórí aṣọ ilé ìwòsàn tí wọ́n wọ̀ fún un. Ó fi òrùka náà sí àtẹ́lẹwọ́ ọkọ rẹ̀, ó pa á dé, ó wọlé.

Àwòrán náà jáde. Kókó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ti ru sókè, ó ń tẹ iṣan ojú.

"Kì í ṣe jẹjẹrẹ," ni dókítà wí. "Kì í tàn káàkiri ara. Oríṣi kókó kan wà níbẹ̀ tí oògùn nìkan lè sún kì. Tiyín yìí, nítorí ojú yín, iṣẹ́ abẹ ló yẹ kó ṣáájú. A ò ní la orí yín. Inú imú la máa gbà wọlé. Bí díẹ̀ bá ṣẹ́ kù, abẹ́rẹ́ wà, oògùn oníhóró wà, ìtànṣán tó ń pa kókó náà wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe é lemọ́lemọ́ ló máa ṣe é fún yín. Mi ò ní tàn yín, gbogbo iṣẹ́ abẹ ló ní ewu tirẹ̀. Ewu pé ká fi í sílẹ̀ ló pọ̀ jù."

Nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ọ̀gá Bàtà dá ìyàwó rẹ̀ dúró. Ó fara ti ògiri.

"Jẹ́ ká lọ rò ó ná. Mo lè máa mú ọ lọ síbi iṣẹ́. Màá máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ibi tí o ò bá rí, màá bá ọ rí i. Bàtà..."

"Dákẹ́."

Kò pariwo. Ó sún mọ́ ọn títí ọkùnrin náà fi ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Láti ọjọ́ yìí wá, o ti ń gba àìsàn yìí láàyè. Ó fẹ́ ẹsẹ̀ ńlá, o rán bàtà ńlá fún un. Ó fẹ́ ìka ńlá, o fẹ òrùka lójú fún un. Báyìí, ó fẹ́ gba ojú mi, o fẹ́ fi ojú tìrẹ dí i. Olólùfẹ́ mi, mi ò fẹ́ kí o rí ayé fún mi. Mo fẹ́ rí ìwọ fúnra mi, kí n máa rí ọ nígbà tí o bá ti ẹ̀gbẹ́ yọ́ wọlé tí o rò pé mi ò mọ̀. Má fẹ̀ ẹ́ lójú mọ́. Bá mi dá a dúró."

Ọkùnrin náà gbé orí sókè. Ó wo ojú náà, imú tó ti gbòòrò, àgbọ̀n tó ti yọ síwájú, àti láàárín gbogbo rẹ̀, ẹyinjú ọmọbìnrin tó béèrè ìdí tí ọwọ́ rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ó gbá a lọ́wọ́ mú. Wọ́n jọ padà sínú yàrá dókítà, òun ló sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ bá wa mú ọjọ́."

Lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kó bọ́ bàtà kó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó bọ́ ọ fún ọkọ rẹ̀. "Mú un dání. Mò ń bọ̀ wá gbà á."

Ọ̀gá Bàtà jókòó sórí àga gígùn, bàtà náà wà lórí itan rẹ̀. Àǹtí Àgbà wá bá a, kò gbé ìgò lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, Àǹtí Àgbà fi ọwọ́ kan bàtà náà. "Lóòótọ́ ló tóbi," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Èmi náà rí i. Mo kàn rò pé ìgbádùn ni."

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí àwọn méjèèjì wọlé, wọ́n ti fi òwú dí ihò imú Ọwọ́-Fúyẹ́, ètè rẹ̀ gbẹ. Ọ̀gá Bàtà lọ tààrà síwájú rẹ̀. Ojú ti Àǹtí Àgbà. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́, ó dúró síbi fèrèsé, kò fẹ́ kí wọ́n rí omijé òun.

Ọwọ́-Fúyẹ́ ń wo ọkọ rẹ̀. Kò yí orí rárá.

"Àǹtí," ló wí, "ẹ káàsán o. Kí ló dé tí ẹ dúró sọ́hùn-ún bí òpó iná?"

Àǹtí Àgbà figbe ta. Nọ́ọ̀sì kan sáré wọlé, ó rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Nǹkan ti ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Ọwọ́-Fúyẹ́ ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ó gba abẹ́rẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì tún ya àwòrán orí rẹ̀. Orí fífọ́ dẹwọ́, òógùn dẹwọ́, ìka rẹ̀ fúyẹ́ débi pé oníbàárà tó pariwo sìmẹ́ńtì ti tún ń sùn lọ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Dókítà ti sọ fún wọn pé egungun tó ti tóbi kò ní padà kéré. Èjí náà wà níbẹ̀ títí di òní, ọkọ rẹ̀ sì ní òun ò dá a padà fún ẹnì kankan.

Nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó wọn tún kù sí dẹ̀dẹ̀, Ọ̀gá Bàtà kò ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ó gbé ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ lé orúnkún lójú gbogbo ayé, ó na téèpù sí i. Ó gbé ẹsẹ̀ igi ọdún tó kọjá, ó na téèpù sí ìyẹn náà. Ó tún un wọ̀n. Kò lẹ awọ kankan mọ́ ọn. Kò sí ohun tó máa lẹ̀.

"Ó kúrò níbi tó wà?" ni obìnrin náà béèrè.

"Kò kúrò." Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó fi jẹ́ pé téèpù bọ́ sílẹ̀.

Ọwọ́-Fúyẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ṣé gbogbo oníbàárà lo máa ń gbọ̀n fún báyìí?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, kókó inú ọpọlọ kò wọ́pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo orí fífọ́ ló jẹ́ kókó. Ẹ má jáyà. Ṣùgbọ́n bí orí bá ń fọ́ yín lemọ́lemọ́ tí kò gbọ́ oògùn, bí ẹ bá ń kọlu ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, bí òrùka àti bàtà bá ń kéré fún àgbàlagbà, bí ojú tàbí ohùn bá ń yí padà, tàbí tí nǹkan oṣù bá ṣàdédé dáwọ́ dúró, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà kan náà, ẹ má pín in káàkiri. Ẹ mú fọ́tò àtijọ́ dání. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò ojú àti àwòrán inú orí bí dókítà bá rí i pé ó yẹ. Ẹ má gba oògùn lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì mọ ohun tó ń ṣe yín. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ abẹ ni, ẹ béèrè ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí ẹ sì lọ lásìkò.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ náà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń rí gbogbo nǹkan tí ẹ kì í sọ: bí bàtà bá ń fún ẹni tí ẹ fẹ́ràn, ẹ má kàn rán èyí tó tóbi fún un. Ẹ jókòó tì í, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orúnkún yín, kí ẹ sì béèrè.